Látìn Ò Sí Nínú Àpótí Fádà

Lẹ́yìn Mísà ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì ní òun fẹ́ kọ́ Látìn, èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́. Bàbá kan tí gbogbo wa ń bọ̀wọ̀ fún nínú ìjọ rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, Látìn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kọ́ lórí fóònù. Àfi kó o wọ sẹ́mínárì, wọn ò sì gba obìnrin níbẹ̀. Àbí kó o lọ sí London, níbi tí ìwé ẹ̀ wà." Àwọn tó dúró tì wọ́n ń mi orí bí alángbá. Ọmọ náà ní, "Ẹ ṣé, sà," ó sì gbà bẹ́ẹ̀. Gbígbà tó gbà yẹn ló dùn mí jù.

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í gbọ́. Èmi ò wọ sẹ́mínárì, mi ò dé London rí, aṣọ ni mò ń rán jẹun. Mo sì ń ka Augustine, bíṣọ́ọ̀bù mímọ́ ayé àtijọ́, ní èdè tó fi kọ̀wé.

Ẹ wo R.I.P. tí wọ́n máa ń kọ sára pósítà òkú. Ọ̀pọ̀ rò pé Gẹ̀ẹ́sì lásán ni. Látìn ni: requiescat in pace. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ Confessiones, ìwé tó fi jẹ́wọ́ ìgbésí ayé rẹ̀, Augustine, ọmọ bíbí Thagaste ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Algeria lónìí, sọ fún Ọlọ́run pé: inquietum est cor nostrum, donec requiescat in te. Ọkàn wa ò balẹ̀, títí yóò fi sinmi nínú rẹ. Orí ìkànnì The Latin Library ni mo ti rí i, níbi tí wọ́n kó ìwé Látìn jọ sí lọ́fẹ̀ẹ́, láìsí ìtumọ̀ kankan. Ọ̀rọ̀ requiescat yẹn dí mi lọ́nà. Mo tẹ̀ ẹ́ sínú Whitaker's Words, ètò kọ̀ǹpútà tó ń túpalẹ̀ ọ̀rọ̀ Látìn, èyí tí William Whitaker, kọ́nẹ̀lì ọmọ ogun òfúrufú Amẹ́ríkà tó ti fẹ̀yìn tì, ṣe. Kí n tó ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, ó ti dáhùn: requiesco ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, ẹnì kan ló ń ṣe é, kì í ṣe ọ̀pọ̀, kì í ṣe èmi, kì í ṣe ìwọ, òun ni, -at tó wà nídìí rẹ̀ sì ń ṣe iṣẹ́ "kí ó" tiwa. Kí ó sinmi. Ọ̀rọ̀ kan náà tó wà lára pósítà ládùúgbò mi ló wà lẹ́nu Augustine. Èwo ni ti sẹ́mínárì nínú ìyẹn?

Wọ́n á ní ohun ọ̀fẹ́ ti gbó. Ó gbó lóòótọ́! Ìwé atúmọ̀ èdè Lewis àti Short ti wà láti 1879, gírámà Allen àti Greenough tí mò ń lò jẹ́ ti 1903, Dickinson College ní Pennsylvania sì gbé e síta fún gbogbo ayé. Cicero, ọ̀gá òǹkọ̀wé Látìn, kú ní ọdún 43 kí wọ́n tó bí Jésù. Kí ló fẹ́ yí padà nínú gírámà rẹ̀ láàárín 1903 sí àná? Gbígbó yẹn gan-an ló sọ wọ́n di ọ̀fẹ́, torí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti tán lórí wọn. Lórí Perseus, ìkànnì ìwé àtijọ́ ti Tufts University ní Amẹ́ríkà, tẹ ọ̀rọ̀ èyíkéyìí nínú ìwé Caesar, ọ̀gágun Róòmù, ìtúpalẹ̀ rẹ̀ á jáde. Àwọn ìwé Loeb aláwọ̀ pupa àtijọ́, tí wọ́n fi èdè méjì tẹ̀, wà lórí ìkànnì Internet Archive, Látìn lápá òsì, Gẹ̀ẹ́sì lápá ọ̀tún. Confessiones ti 1912 wà níbẹ̀, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì William Watts ti 1631 ni wọ́n fi túmọ̀ rẹ̀, nígbà míì Látìn yẹn gan-an ló máa ń yé mi ju Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Ní ti láíbìrì, oníbàárà mi kan mú mi wọ ti yunifásítì tó ti ń ṣiṣẹ́. Ní ìsàlẹ̀ pátá, lẹ́yìn àwọn ìwé òfin, mo bá ìwé Látìn bí ogún, láti ayé ìgbà tí wọ́n ń fi Látìn ṣèdánwò ìwé mẹ́wàá. Ọjọ́ tí wọ́n yá ọ̀kan gbẹ̀yìn, 1981 ni òǹtẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sọ. Ọkùnrin tó jókòó níbẹ̀ bi mí pé, "Ta ló tún ń ka èyí?" Ìwé wà, ẹni tó máa bèèrè ni kò sí. Yunifásítì Ìbàdàn sì ní ẹ̀ka Classics, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa Gíríìsì àti Róòmù àtijọ́, tọkùnrin tobìnrin ló ń lọ síbẹ̀.

Pé dátà wọ́n? Lẹ́tà lásán ni, kì í ṣe fídíò. Ẹ gbà á sórí fóònù lẹ́ẹ̀kan, ó parí.

Ó dáa, ní ti bí a ṣe ń pè é lẹ́nu, ẹni tó ń gbọ́ ẹ ló lè tọ́ ẹ sọ́nà. Fádà ń pè é ní "Chíchẹrò," àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní "Kíkẹrò." Mo fún bàbá ní ìyẹn.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ náà, pẹ̀lú ìwé D'Ooge fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, èyí tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì Project Gutenberg. Lọ́jọ́rú ó kọ̀wé sí mi pé òun ti dé ẹ̀kọ́ kẹta. Ó tún béèrè pé, "Àǹtí, ṣé ẹ máa sọ fún bàbá?"

Mi ò tíì dá a lóhùn. Bàbá yẹn ló ṣe alága ìgbéyàwó mi.