Ara wa ni wọ́n ti ń kó o

Títí di òní, àwọn kan kò tíì dárí ji ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ̀nù. Ká ṣáà ti mẹ́nu ba ìgbà Kòrónà, ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: tíkẹ́ẹ̀tì orí íntánẹ́ẹ̀tì, aago tí wọ́n yàn féèyàn, ọ̀nà téèyàn bá ti gbà kọjá tí kò gbọdọ̀ padà, ilé ẹranko tí wọ́n tì pa. Mo lè fara da gbogbo ìyẹn. Èyí tí mi ò lè fara dà ni ti ẹni tó máa ń fi yẹ̀yẹ́ béèrè pé, ṣé ẹranko ń kó Kòrónà ni tí wọ́n fi ní ká bo imú?

Ó ń kó o. Ara wa ló sì ti ń kó o.

Lọ́jọ́ 5 oṣù kẹrin 2020 ni wọ́n kéde pé Nadia, abo ẹkùn onílà kan ní ọgbà Bronx ní New York, ti ní in. Ikọ́ gbígbẹ ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti di mẹ́jọ: ẹkùn márùn-ún, kìnnìún mẹ́ta. Nígbà tó di oṣù kìn-ín-ní 2021, ó kan àwọn ìnàkí (gorilla) ọgbà San Diego ní California. Ti ìnàkí yìí ló sì le jù, torí ohun tó jẹ́ ọ̀fìnkìn lásán lára èèyàn lè pa á. Nínú igbó Taï ní Côte d'Ivoire, láàárín 1999 sí 2006, àrùn èémí tó ti ara èèyàn wá pa irú ìnàkí mìíràn, chimpanzee, léraléra. Ìdí nìyẹn tí ìlànà IUCN, àjọ àgbáyé tó ń dáàbò bo ẹranko igbó, fi ní kí arìnrìn-àjò jìnnà sí àwọn ìnàkí ní mítà 7 nínú igbó gbalasa, tí wọ́n sì sọ ọ́ di 10 nígbà tí Kòrónà dé.

Nígbà tí wọ́n tún ṣí ọgbà Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ 15 oṣù kẹfà 2020, gbangba ìta ni wọ́n jẹ́ ká rìn. Ẹni tó bá mọ bí ilé ẹranko ṣe rí kò ní béèrè ìdí. Wọ́n ń fi hítà mú un móoru nítorí ẹranko ilẹ̀ olóoru, wọ́n á pa ilẹ̀kùn dé kí otútù má wọlé, atẹ́gùn á wá dúró sójú kan. Ọ̀nà inú rẹ̀ há. Ibi tí ẹranko bá wà ni gbogbo èrò á ṣù jọ sí. Ta ló lè sọ fọ́mọ ọdún márùn-ún pé kó máa lọ nígbà tí ọ̀bọ ń jẹun lójú ẹ̀? Dígí náà kì í sì í fìgbà gbogbo dé àjà.

Ti aago orí tíkẹ́ẹ̀tì, ọgbọ́n ńlá ni. Kì í ṣe iye èrò tó wọlé láàárọ̀ dalẹ́ ló ń dá wàhálà sílẹ̀, iye tó dé lẹ́ẹ̀kan náà ni. Bí gbogbo ìdílé bá dé ní aago mọ́kànlá, aago kan ni gbogbo wọn á lọ tò níwájú ilé oúnjẹ. Ilé ìtọ̀ ńkọ́?

Sànítáísà ló tún ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Kòrónà bí ọtí inú rẹ̀ bá tó ìdá 60 nínú 100, tí ọwọ́ sì mọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti fọwọ́ pa ewúrẹ́ lára, ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ kò ní jẹ́ kí ọtí ráyè ṣiṣẹ́. Kòkòrò àrùn tí wọ́n ń pè ní E. coli O157 lè wà nínú ìgbẹ́ ewúrẹ́ yẹn, ó sì lè ba kíndìnrín ọmọdé jẹ́. Omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ ni, fún ogún ìṣẹ́jú àáyá, títí dé àárín ìka, kó tó gba bisikíìtì. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń gbé sẹ́nu ọ̀nà ilé ẹyẹ ká ti bàtà bọ̀ nígbà tí àìsàn ẹyẹ bá ń jà: ẹrẹ̀ tó wà nídìí bàtà á sọ agbára oògùn náà dòfo, àfi téèyàn bá kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì ha á. Àwọn mìíràn ń fò ó kọjá ni. (Ká má tilẹ̀ dárúkọ àwa tí à ń ju ẹ̀pà sí ọ̀bọ. Ẹ̀pà téèyàn feyín pa kó tó jù ú, itọ́ ló jù yẹn.)

Ohun kan ṣáà wà tí kò jẹ́ kí n lè pariwo tó bí mo ṣe fẹ́. Nígbà tí Nadia bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ níparí oṣù kẹta 2020, wọ́n ti ti ọgbà Bronx láti ọjọ́ 16 oṣù náà. Títì ni ti San Diego náà wà. Kò sí àlejò kankan níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú wọn ni wọ́n fura sí, ẹni tí kò mọ̀ pé àrùn wà lára òun. Ti San Diego tiẹ̀ ń bo imú. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ìbòmú àlejò tó dúró sẹ́yìn dígí ń ṣe gan-an? Nínú ilé ìnàkí, màá ṣì lò ó. Ṣùgbọ́n lórí ìlà ní gbangba ìta, mi ò lè bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn.