Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó Mustang dáadáa

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní $2,368 ni wọ́n ń ta Mustang, ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ Ford ń ṣe, lọ́dún 1964, pé ti 2024 tó ju $30,000 lọ, ìrẹ́jẹ ni, irin lásán ni wọ́n fi kún un. Rárá o. Torí pé ọjà ti wọ́n sí i, $2,368 ayé ìgbà yẹn tó nǹkan bí $24,000 lọ́dún 2024. Horsepower (ìwọ̀n agbára ẹ́ńjìnnì) 101 péré ni ti 1964 olówó $2,368 yẹn ní. Ti 2024 tówó rẹ̀ kéré jù ní 315.

Òótọ́ ni pé ó ti wúwo sí i, láti nǹkan bí 1,100 kg dé 1,600 kg. Àmọ́ ẹ tú ilẹ̀kùn rẹ̀ wò: ẹ máa rí ọ̀pá irin tó ń dáàbò bo èèyàn bí ọkọ̀ mìíràn bá kọlù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ti 1964 ò ní in, kò sì ní airbag, ìyẹn àpò tó ń wú láti gba èèyàn bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan. Ẹ̀mí èèyàn mà ni!

Tó bá jẹ́ Charger Daytona, ọkọ̀ Dodge tó ń lo iná mànàmáná, tó ju 2,600 kg lọ nítorí bátìrì, lẹ ní ó wúwo jù, mo fara mọ́ ọn.