Ọmọ inú kì í dákẹ́ nítorí pé àyè há mọ́ ọn

Bí oyún bá ti wọ oṣù kẹjọ, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í pẹ́ dé etí aláboyún. Ó lè jẹ́ ìyá ọkọ ló máa sọ ọ́, ó sì lè jẹ́ ọ̀rẹ́ tó ti bímọ mẹ́ta: "Kò yí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́? Má da ara rẹ láàmú jàre. Ó ti tóbi ni, àyè ti há mọ́ ọn." Àwọn mìíràn á ní ọmọ ń sinmi de ìrọbí ni. Aláboyún á rẹ́rìn-ín, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, ọjọ́ kan á sì kọjá lọ báyẹn.

Irọ́ ni. Àwọn tó ń sọ ọ́ kò ní ibi lọ́kàn, ṣùgbọ́n irọ́ ni, ó sì wà lára àwọn tí mo kórìíra jù nínú ọ̀rọ̀ oyún, nítorí pé ọjọ́ tó yẹ kí èèyàn dìde gan-an ló ń ní kó jókòó.

Ọ̀pọ̀ aláboyún máa ń mọ̀ pé ọlẹ̀ ti sọ láàárín ọ̀sẹ̀ 16 sí 24, ẹni tó sì ti bímọ rí sábà máa ń tètè mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà náà lọ, ọmọ á máa yí lemọ́lemọ́ sí i títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 32. Lẹ́yìn ìyẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i mọ́, ṣùgbọ́n kò yẹ kó dín. Bó ṣe wà yẹn ló yẹ kó máa lọ títí ìrọbí á fi dé, kódà nígbà tí obìnrin bá ń rọbí lọ́wọ́, ọmọ ṣì ń yí. RCOG, ẹgbẹ́ àwọn dókítà aláboyún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìlànà wọn.

Mo mọ ibi tí irọ́ yìí ti rí ẹsẹ̀ walẹ̀. Omi tó yí ọmọ ká máa ń kún jù ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 34, nígbà tó lè tó mílílítà 800, kó tó máa fà díẹ̀díẹ̀. Ọmọ náà sì ń tóbi lójoojúmọ́. Òkìtì tó ń ta ní oṣù karùn-ún, kò lè ta á mọ́. Irú yíyí tó ń yí ló yàtọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ 36, ẹ ká aṣọ sókè kí ẹ wò ó: ikùn á ṣàdédé wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, nǹkan líle kan, bóyá ìgúnpá, bóyá gìgísẹ̀, á gba abẹ́ awọ kọjá láti ọ̀tún bọ́ sí òsì, ẹsẹ̀ kan á kan egungun ìhà, ẹ ó sì fi ọwọ́ ti í padà. Ẹni tó bá ń retí ìtapá kéékèèké ti àtijọ́ á ní ọmọ òun ti dákẹ́. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń wá á rí i pé iye ìgbà tó ń yí kò dín. (Àwọn tó sì ń sọ pé èyí tó bá ń rọra yí, obìnrin ni: ẹ̀yin náà, ẹ rọra.)

Òsúkè kò sí lára ohun tí à ń kà o. Ìyẹn á máa mì ní ibì kan náà, ní ìwọ̀n kan náà, fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kó tó dáwọ́ dúró.

Ọmọ inú máa ń sùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n oorun rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ìṣẹ́jú 20 sí 40, ó sì ṣọ̀wọ́n kó kọjá 90. "Ó ń sùn ni" lè jẹ́ àlàyé fún wákàtí kan. Kò lè jẹ́ àlàyé fún àárọ̀ di alẹ́.

Kí ló wá ń mú kó dín yíyí kù? Ibi ọmọ ló ń gbé afẹ́fẹ́ àti oúnjẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ibi ọmọ kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ìwọ̀nba tó ń rí ná. Ara rẹ̀ á darí ẹ̀jẹ̀ sí ọpọlọ àti ọkàn, á sì dín ohunkóhun tó ń jẹ agbára kù. Yíyí àti títa ẹsẹ̀ wà lára ohun tó máa dín. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, èémí ló ń há mọ́ ọn.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló máa ń rí bẹ́ẹ̀. Nínú aláboyún 10 tó lọ fi ẹjọ́ sùn lẹ́ẹ̀kan péré pé ọmọ òun kò yí dáadáa, nǹkan bí 7 ni oyún wọn máa ń lọ láìsí wàhálà. Oògùn tó ń múni sùn lè mú kó rọlẹ̀ fúngbà díẹ̀. Bí ibi ọmọ bá sì wà níwájú ikùn, pàápàá kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 28, ìyá lè má tètè mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n orí bẹ́ẹ̀dì ilé kọ́ ni èèyàn ti máa mọ̀ bóyá òun wà lára 7 yẹn tàbí lára 3 tó kù.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì á bi yín ìgbà tó yí kẹ́yìn, á wọn ikùn, á sì gbọ́ ọkàn ọmọ. Lẹ́yìn náà wọ́n lè de bẹ́líìtì méjì mọ́ yín níkùn: ọ̀kan ń gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù, èkejì ń wo bí ilé ọmọ ṣe ń sún kì. Láàárín ìgbà 110 sí 160 ní ìṣẹ́jú kan ni ọkàn rẹ̀ sábà máa ń lù. Ìwé gígùn á máa jáde lára ẹ̀rọ náà, ohun pàtàkì tí wọ́n sì ń wá lórí rẹ̀ ni bóyá ìlù ọkàn ń yára sí i nígbà tí ọmọ bá yí. Kò dunni rárá.

Omi tútù àti nǹkan dídùn tí wọ́n ní kí ẹ fi jí i? Wákàtí tó ń jẹ ni mo fi ń bínú sí i. Ẹ ó mu ún, ẹ ó dúró, ọmọ á mira lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó sì padà sùn. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń tà fún gbígbọ́ ọkàn ọmọ nílé tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ lè máa gbọ́ ìlù ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, kó rò pé ọmọ ni. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ ọmọ náà, pé ọkàn rẹ̀ ń lù báyìí kò sọ bí ara rẹ̀ ṣe le tó.

Ti kíka iye ìgbà tó ń yí ńkọ́? Ní 1976, àwọn olùwádìí méjì, Pearson àti Weaver, gbé ìlànà kíkà dé 10 jáde ní ìlú Cardiff, ní Wales, ó sì tàn kálẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá dán an wò láàárín nǹkan bí 68,000 aláboyún, àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1989 kò fi hàn pé ó dín ikú ọmọ inú kù. Ìwádìí mìíràn jáde ní 2018 lórí oyún tó lé ní 409,000, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland, níbi tí wọ́n ti kọ́ àwọn aláboyún àti òṣìṣẹ́ nípa yíyí ọmọ. Ikú ọmọ inú kò dín lọ́nà tó dájú, iṣẹ́ abẹ sì pọ̀ sí i. Àwọn kan ti ń fi èyí sọ pé kí aláboyún má wulẹ̀ fiyè sí i mọ́. Èmi ò gbà. Ìlànà ilé ìwòsàn ni àwọn ìwádìí yẹn dán wò. Kò sí èyí tó sọ pé àyè tó há ló ń mú ọmọ dákẹ́. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kò sí iye kan tó bá gbogbo ọmọ mu. Bí ọmọ tiyín ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́ ni kí ẹ mọ̀, pàápàá láti ọ̀sán sí alẹ́ tí wọ́n sábà máa ń yí jù.

Bí oyún bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ 28 tí ẹ ń ṣiyèméjì, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, ẹ gbé fóònù jìnnà, ẹ gbé ọwọ́ lé ikùn. Bí kò bá yí tó ìgbà 10 láàárín wákàtí méjì, ẹ máa lọ. Àmọ́ bó bá ti dá yín lójú pé ó ti yàtọ̀, kíkà kọ́ ló kàn: ẹ lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ òru. Fún ẹni tó bá ń sọ pé àyè ló há mọ́ ọn, "Ẹ ṣeun, mà, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì náà gbọ́ ọ" ti tó.

Bí wọ́n bá yẹ̀ yín wò tí gbogbo rẹ̀ dára, tí ọmọ tún wá dákẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ padà lọ, kí ẹ má sì tijú. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀ẹ̀kejì rèé, nítorí pé ojú mìíràn ló yẹ kí wọ́n fi wo ẹni tó bá padà wá: wọ́n sábà máa ń fi scan kún un, láti wo bí ọmọ ṣe ń dàgbà, bí omi rẹ̀ ṣe tó, àti bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú okùn ìdodo rẹ̀.