Owó nìkan kò lè gbé ọkọ̀ ogun Ireland kúrò ní èbúté

"Ìjọba ò náwó sí i ni." Ọ̀rọ̀ yìí kì í pẹ́ jáde lẹ́nu àwọn èèyàn tí a bá ti ń sọ nípa ọmọ ogun orílẹ̀-èdè kékeré. Àwọn ará wa tó ń gbé ní Dublin ń sọ ọ́, àwọn tó ń wò wọ́n láti Èkó àti Ìbàdàn náà ń sọ ọ́. Wọ́n á ní Ireland lówó, àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá Amẹ́ríkà kó ọ́fíìsì wọn síbẹ̀, kí ló wá dé tí wọn ò ní bàlúù ajagun kan ṣoṣo? Kí ìjọba tú àpò, kí wọ́n ra ọkọ̀, kí wọ́n ra ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ á parí. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí mo bọ̀wọ̀ fún, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n fi parí rẹ̀, pé owó dé, iṣẹ́ bùṣe, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2019. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, ìjọba Ireland gba ọkọ̀ ogun tuntun kan sẹ́nu iṣẹ́ ní ìlú Waterford. LÉ George Bernard Shaw lorúkọ rẹ̀ (LÉ yìí ni wọ́n máa ń fi ṣáájú orúkọ ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Ireland). Òun ni ìkẹrin nínú ọ̀wọ́ ọkọ̀ kan tí wọ́n kàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ti àkọ́kọ́, LÉ Samuel Beckett, dé ní 2014. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gùn tó 90 mítà, owó tó sì ju mílíọ̀nù 60 yúrò lọ ni wọ́n ná sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èèyàn tó ń tukọ̀ irú rẹ̀ kan kò ju bíi 44 lọ.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, lọ́dún kan náà, àwọn ọmọ ogun ojú omi so ọkọ̀ méjì mọ́lẹ̀ ní Haulbowline, ibùdó wọn nínú èbúté Cork. Ọ̀kan ni LÉ Eithne, ọkọ̀ aṣáájú gbogbo ọkọ̀ wọn. Èkejì ni LÉ Orla. Wọn ò rí ẹni tó máa tù wọ́n. Nígbà tó di oṣù keje ọdún 2022, wọ́n yọ àwọn méjèèjì àti LÉ Ciara kúrò lẹ́nu iṣẹ́ pátápátá. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, wọ́n tún so méjì mìíràn mọ́lẹ̀, LÉ Róisín àti LÉ William Butler Yeats. Ẹ fiyè sí Yeats yìí dáadáa: ọdún 2016 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tuntun tí mo sọ lókè ni. Kò tíì pé ọdún méje tó ti di ohun tí wọ́n so mọ́ èbúté.

Àwọn méjì kan tún wà tí wọ́n rà lọ́wọ́ New Zealand, mílíọ̀nù 26 yúrò. Ọkọ̀ kéékèèké ni wọ́n, ara ìdí tí wọ́n sì fi fẹ́ràn wọn ni pé wọn kò nílò èèyàn púpọ̀. Oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni wọ́n gúnlẹ̀ sí Cork. Ó di oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 kí wọ́n tó gbà wọ́n sẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n sì sọ wọ́n ní LÉ Aoibhinn àti LÉ Gobnait.

Ẹni tó bá ní owó ni kò sí, kó sọ fún mi ohun tí wọ́n fi ra gbogbo wọ̀nyí. Ohun tó dùn mí jù tiẹ̀ ni pé láwọn ọdún kan, owó oṣù tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ ogun kò tán. Ó ṣẹ́kù, nítorí pé àwọn tó yẹ kó gbà á kò sí lórí iṣẹ́ mọ́. Ètò tó wà nílẹ̀ nígbà náà ni pé kí ọmọ ogun orí ilẹ̀, ti ojú omi àti ti òfúrufú lápapọ̀ jẹ́ 9,500. Ní ìparí ọdún 2023, wọn kò tó 7,600. Ti ojú omi nìkan, tó yẹ kó lé ní 1,000, ti wálẹ̀ débi pé kò tó 800 mọ́. Àwọn èèyàn tí kò tó 800 yìí ló ń ṣọ́ omi òkun tó ju 400,000 kìlómítà níbùú lóròó lọ. Omi náà súnmọ́ ìdajì gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà.

Báwo ni wọ́n ṣe débẹ̀? Ibí yìí ni òótọ́ díẹ̀ tí mo sọ yẹn wà. Lẹ́yìn tí ọrọ̀ ajé dojú rú ní 2008, ìjọba gé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ ogun náà kò sì yọ sílẹ̀. Ní 2012 wọ́n sọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ mẹ́ta di méjì, wọ́n sì ti bárékè Mullingar, Cavan, Clonmel àti Castlebar pa. Lórí ìwé, ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń palẹ̀ mọ́ nínú ilé. Ṣùgbọ́n sójà tí ilé rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ àti iléèwé àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Mullingar wá di ẹni tó ń wakọ̀ ọ̀nà jíjìn lójoojúmọ́ kó tó dé ẹnu iṣẹ́. Láti ọdún 2013, ètò owó ìfẹ̀yìntì àwọn tó ń ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé kò tún dára tó ti àwọn tó ṣáájú wọn. Sójà kì í sì í ṣiṣẹ́ dàgbà bí olùkọ́, ọjọ́ ìfẹ̀yìntì tirẹ̀ tètè máa ń dé. Òfin kò gbà wọ́n láyè láti daṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ìyàwó àti ọkọ wọn ló bá wọn jáde sí ìgboro láti sọ ohun tí ẹni tó wọ aṣọ ogun kò lè sọ.

Nítorí náà, àìnáwó ló dá ọgbẹ́ náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé owó nìkan ni oògùn rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà.

Bí ìjọba bá fẹ́ ọkọ̀ ogun, wọ́n á kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ń kàn án, láàárín ọdún bíi méjì sí mẹ́ta ó ti dé. Ẹni tó mọ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà tinú tẹ̀yìn ńkọ́? Ẹni tó jẹ́ pé bí ẹ̀rọ bá kú láàárín òkun Atlantic lóru, òun ni gbogbo èèyàn máa yíjú sí? Ọdún mẹ́wàá, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń gbà láti ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni sájẹ́ǹtì tí àwọn ọmọ tuntun ń wò kọ́ṣẹ́. Kò sí ọjà tí wọ́n ti ń tà á. Igi kòkó tí wọ́n bá gé lọ́jọ́ kan, agbẹ̀ mọ iye ọdún tí òun máa dúró kí òmíràn tó so. Sájẹ́ǹtì tí Ireland pàdánù ní 2014, iye owó yòówù kí wọ́n ya sọ́tọ̀ ní 2024, wọn ò lè fi dá a padà lọ́dún náà.

Ìṣòro náà tún ń bí ara rẹ̀. Àwọn tó kù ló ń ru ẹrù àwọn tó lọ. Ẹni tó yẹ kó sinmi nílé lẹ́yìn oṣù mélòó kan lórí omi, wọ́n á tún pè é kó wá dí àyè lórí ọkọ̀ mìíràn. Òun kan náà ni wọ́n ń retí pé kó kọ́ àwọn tuntun níṣẹ́. Tó bá yá, òun náà á kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹrù tó fi sílẹ̀ á sì já lé ẹlòmíràn lórí. RACO, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá ọmọ ogun, àti PDFORRA, ẹgbẹ́ àwọn tó wà nísàlẹ̀ wọn, ti ń pariwo rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ sì wo ibi tí Haulbowline wà. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ni Ringaskiddy, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ egbòogi ńláńlá pọ̀ sí. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì lórí ọkọ̀ ogun lè dúró sórí ọkọ̀ rẹ̀ kó máa wo ibi tí wọ́n ti máa sanwó tó ju tirẹ̀ lọ fún un, tí á sì máa sùn nílé ní alaalẹ́.

Bí ẹnìkan bá wá sọ pé, "Ẹ fi kún owó oṣù wọn nìyẹn," mo fara mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó jẹ́ wọn lówó tó yẹ kó má san án. Ṣùgbọ́n owó oṣù kò lè wo ohun tí àwọn obìnrin tó ti ṣiṣẹ́ ogun tú síta ní 2021. Wọ́n sọ nípa ìfipábánilòpọ̀, ìdúnkookò àti ìyà tí wọ́n fi jẹ wọ́n nínú iṣẹ́, àti bí wọ́n ṣe fọwọ́ bo ẹjọ́ wọn mọ́lẹ̀. Ìgbìmọ̀ aláìdásí-tọ̀túntòsì tí ìjọba gbé dìde gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní oṣù kẹta ọdún 2023, ó sì sọ ọ́ ní gbangba pé ibi iṣẹ́ náà kò fọkàn ẹni balẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ olùwádìí tí òfin fún lágbára sílẹ̀. Nínú ọmọ ogun 100, àwọn obìnrin kò ju bíi méje lọ. Orílẹ̀-èdè tó ń wá èèyàn lójú méjèèjì, tí ìdajì àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì rí ibẹ̀ bí ibi tí àwọn lè fọkàn balẹ̀ sí! Ọkọ̀ tuntun kò lè tún ìyẹn ṣe. Ìdájọ́ òdodo ló lè tún un ṣe.

Àwọn kan á ní Ireland kì í dá sí ogun ẹnikẹ́ni, pé kí ló fẹ́ fi ọmọ ogun ṣe? Mi ò fẹ́ pẹ́ lórí ìyẹn. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, Rọ́ṣíà fẹ́ wá ṣe ìdánrawò ogun lórí omi tí Ireland ní ẹ̀tọ́ ọrọ̀ ajé sí, níhà gúúsù ìwọ̀ oòrùn. Àwọn apẹja ló kọ́kọ́ fárígá, wọ́n ní àwọn máa lọ pẹja níbẹ̀ dandan. Rọ́ṣíà gbé ìdánrawò náà lọ síbòmíràn. Mo yọ̀ fún àwọn apẹja yẹn, ṣùgbọ́n kò yẹ kó jẹ́ àwọn ni ìlú á máa gbójú lé.

Àwa ọmọ Nàìjíríà kò sì ṣàjèjì sí àwọn ọmọ ogun yìí. A jọ wà ní Kóńgò lábẹ́ àsíá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ni. Seán Mac Eoin, ọmọ Ireland, ló darí ikọ̀ náà ní 1961. Aguiyi-Ironsi tiwa ló sì darí rẹ̀ kẹ́yìn ní 1964. A tún jọ wà ní Lẹ́bánónì láti 1978, àwọn tiwa kúrò ní 1983, àwọn tiwọn dúró. Láti 1958, kò sí ọjọ́ kan tí ọmọ Ireland kò sí lẹ́nu iṣẹ́ àlàáfíà níbì kan. Iṣẹ́ yìí gan-an ni àìtó èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í kàn. Ní 2024, wọ́n kó ikọ̀ wọn kúrò ní òkè Golan, láàárín Síríà àti Ísírẹ́lì, nítorí pé ọwọ́ tó wà nílẹ̀ kò lè ká ibẹ̀ àti àwọn iṣẹ́ mìíràn pọ̀.

Ìjọba kò kàn káwọ́ gbera o. Ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ọmọ ogun parí iṣẹ́ rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2022. Ó la ọ̀nà mẹ́ta sílẹ̀: kí wọ́n dúró bí wọ́n ṣe wà, kí wọ́n gbé ìnáwó ọdọọdún dé nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.5 yúrò, tàbí kí wọ́n gbé e dé bíi ìlọ́po méjì ìyẹn. Ní oṣù keje ọdún náà wọ́n mú ti àárín, pé kó di ṣíṣe kí 2028 tó dé, kí àwọn ọmọ ogun sì di 11,500. Wọ́n ti gbé òpin ọjọ́ orí ìgbaniwọlé láti 29 sí 39. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ bíbí Ireland, tó ti ń gbé ibẹ̀ lọ́nà tó bófin mu fún ọdún bíi mélòó kan, lè forúkọ sílẹ̀. Ó yẹ kí àwọn ọmọ wa tó dàgbà síbẹ̀ mọ èyí. Wọ́n ń tọ́jú ìlera àwọn sójà tí kì í ṣe ọ̀gá láti inú àpò ìjọba. Iye èèyàn náà kò já wálẹ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìnáwó ti gòkè dé bílíọ̀nù 1.35 fún 2025.

Ẹ wo bí àwọn nǹkan méjèèjì ṣe rìn. Ìhà ti owó ń sáré lọ síbi tí wọ́n fojú sùn. Iye èèyàn ṣì ku ẹgbẹẹgbẹ̀rún kó tó dé 11,500.

Ní 2025, wọ́n bá Faransé tọwọ́ bọ̀wé láti ra rédà tí yóò máa rí ohun tó ń fò lójú ọ̀run wọn, wọ́n sì ra ẹ̀rọ tí ọkọ̀ á máa wọ́ lẹ́yìn nínú omi láti gbọ́ ohun tó ń lọ nísàlẹ̀ òkun. Ẹ̀rọ inú omi ni wọ́n ń retí ní 2027, rédà ní 2028. Inú mi dùn sí i. Àwọn tó máa jókòó ti ẹ̀rọ yẹn lóru, tí wọ́n á mọ ìyàtọ̀ láàárín ariwo ẹja àbùùbùtán àti ti ọkọ̀ abẹ́ omi, ti yẹ kí wọ́n wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ wọn báyìí, kí ẹni tó máa kọ́ wọn sì ṣì wà lórí iṣẹ́.