Ọ̀ta ni Bàbá, Ọ̀pẹ ni Mufú

ÀWỌN TÓ WÀ NÍBẸ̀
Bàbá Onílé: lánlọ́ọ̀dù, ọ̀ta ayò àdúgbò (ẹni tó mọ̀ ọ́n ta jù)
Mufú Onítáyà: ọ̀pẹ rẹ̀ (ẹni tó máa ń nà)
Wasiu: ọmọ iṣẹ́ Mufú
Tíṣà: olùkọ́ eré ìdárayá
Ìyá Bísí Ọlọ́jọ̀jọ̀: ọmọ Rẹ́mọ tó wá lọ́kọ sí Ìjẹ̀bú-Òde
Ìyá Adé: ìyàwó Bàbá Onílé

(Ìsọ̀ Mufú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìbàdàn Gáréèjì, Ìjẹ̀bú-Òde, ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Táyà kan wà nínú agbada omi, ó ń hó pọ̀tọ̀pọ̀tọ̀, kò sẹ́ni tó yà sí i. Ọpọ́n ayò wà láàárín Bàbá Onílé àti Mufú. Ìyá Bísí ń dín ọ̀jọ̀jọ̀ ní iwájú ìsọ̀.)

BÀBÁ ONÍLÉ: (ó kó ọmọ ayò mẹ́ta) Mo jẹ ẹ́! Mufú, ojoojúmọ́ ni mò ń nà ọ́, ojoojúmọ́ lo sì ń padà wá. Ara ò tiẹ̀ ń ro ọ́?

MUFÚ: Mò ń kọ́ ọ ni, Bàbá. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

BÀBÁ ONÍLÉ: Ọgbà wo? Láti ìgbà tí bẹntiróòlù ti wà ní náírà 65 ni imú rẹ ti wà nídìí ọgbà yìí! Ayò kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kọ́. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé. Bàbá mi ta á, bàbá bàbá mi ta á. Èmi ò dánra wò rí láyé mi. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jókòó ti ọpọ́n ni mo ti ń jẹ. Ọmọ àjànàkú kì í ya ràrá! Ẹni tí wọ́n bá nà lónìí ni yóò ra ọ̀jọ̀jọ̀ fún gbogbo ìsọ̀, mo ti sọ ọ́.

TÍṢÀ: (ó wọlé, súfèé wà lọ́rùn rẹ̀) Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ!

MUFÚ: Ẹ káàbọ̀, Tíṣà…

BÀBÁ ONÍLÉ: Pa ẹnu mọ́! Ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ ò gbọdọ̀ fọhùn. Tíṣà, káàbọ̀. Jókòó.

TÍṢÀ: Bàbá, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ àjànàkú yẹn láti títì. Ṣé àjànàkú ni Tobi Amusan?

BÀBÁ ONÍLÉ: Tobi wa! Ìjẹ̀bú-Òde níbí ni wọ́n bí i sí! Ohun tí mò ń sọ náà nìyẹn, ẹ̀jẹ̀ Ìjẹ̀bú! Ìṣẹ́jú àáyá 12.12 ló fi sá mítà 100, tó tún ń fo igi, tí obìnrin kankan ò sá irú ẹ̀ rí láyé!

TÍṢÀ: Òótọ́ ni. Ní Eugene, l'Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ 24 oṣù Keje, ọdún 2022. Ìpele tó ṣáájú àṣekágbá ló ti sá ìyẹn o. Nígbà tó di àṣekágbá lọ́jọ́ yẹn kan náà, ó fi 12.06 gba góòlù, àmọ́ wọ́n ní atẹ́gùn tó ń fẹ́ lẹ́yìn wọn ti pọ̀ jù, wọn ò lè kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ló yá jù.

BÀBÁ ONÍLÉ: Atẹ́gùn! Atẹ́gùn yẹn ò fẹ́ sẹ́yìn àwọn tó kù ni? Ìlara ni!

TÍṢÀ: Ẹ jẹ́ á fi atẹ́gùn sílẹ̀. Ẹ wo bó ṣe rí láàárín àwọn tí wọ́n jọ tò. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ló yí i ká, òun ò ga. Ọmọ àjànàkú tiyín ya ràrá, Bàbá, ó sì na àwọn àjànàkú. Igi mẹ́wàá ni wọ́n ń fò. Láti igi kan sí èkejì, mítà 8.5 ni. Ẹsẹ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n ń gbé láàárín wọn, kò gbọdọ̀ di mẹ́rin. Àwọn tó ga ní láti ká ẹsẹ̀ kò kí ó má bàa gùn jù. Òun ní láti na tirẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́ta yẹn ni wọ́n ń kọ́ ní òwúrọ̀, òun náà ni wọ́n ń kọ́ ní ìrọ̀lẹ́, ọdún dé, ọdún lọ. Ẹ̀jẹ̀ wo ló ń ka ẹsẹ̀?

WASIU: Ọ̀gá, mo lè ṣe ìyẹn.

MUFÚ: Ìwọ tó o ò tíì yọ táyà yẹn kúrò nínú omi láti àárọ̀?

(Wasiu ò dá a lóhùn. Ó ti to táyà mẹ́ta sílẹ̀. Ó fà sẹ́yìn, ó tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbéra. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ó fo ti àkọ́kọ́. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ó fo èkejì, ojú rẹ̀ ti ń dán. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ẹsẹ̀ òsì tó yẹ kó wà lẹ́yìn ló bọ́ síwájú, ó kọ́ táyà, ó sì balẹ̀ sínú agbada. Gbogbo omi dà sí Bàbá Onílé lára.)

TÍṢÀ: Ẹ ṣé, Wasiu. Ẹ rí ẹsẹ̀ kẹrin yẹn?

BÀBÁ ONÍLÉ: (ó ń fún agbádá rẹ̀) Mo rí i. Ó wà lára mi. Tíṣà, kò burú. Mo gbọ́ tìrẹ, gbọ́ tèmi náà. Ẹ má rò pé ìròyìn ikú nìkan ni mò ń gbọ́ lórí rédíò. Ọmọkùnrin ará Bahamas kan wà, Donald Thomas. Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ló ń gbá ní yunifásítì. Lọ́dún 2006, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń jiyàn pé kò lè fo ọ̀pá, eré fífò sókè yẹn. Ó lọ, ó fò ó, ojú ti ọ̀rẹ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní Osaka, ní Japan, ó di ọ̀gá gbogbo ayé! Mítà 2.35! Ará Sweden kan sì wà níbẹ̀, Stefan Holm, tó ti ń fò ó láti kékeré, tó gba góòlù Òlíńpíìkì lọ́dún 2004. Ipò wo ló ṣe? Kẹrin! Ẹni tó fi gbogbo ayé dánra wò ṣe kẹrin, ẹni tó wá jiyàn gba góòlù.

MUFÚ: (ó wo Tíṣà) Háà.

TÍṢÀ: Irọ́ kọ́. Wọ́n ní iṣan tó wà lẹ́yìn gìgísẹ̀ ọmọ náà gùn ju ti ẹlòmíràn lọ, òun ló ń jù ú sókè. Àmọ́ mítà 2.35 yẹn, Bàbá, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó di ọdún 2016 kó tó fo jù bẹ́ẹ̀ lọ, 2.37 péré. Holm yìí, mítà 1.81 ni gíga rẹ̀, ó sì fo 2.40 lọ́dún 2005. Sẹ̀ǹtímítà 59 sókè orí ara rẹ̀!

BÀBÁ ONÍLÉ: Osaka ni mò ń wí, ìwọ ń sọ ti 2005 fún mi. Ta ló gba góòlù ní Osaka?

TÍṢÀ: Thomas ni, ṣùgbọ́n…

BÀBÁ ONÍLÉ: Ṣùgbọ́n kì í gba góòlù. Mufú, ta ayò.

ÌYÁ BÍSÍ: (láti ìdí agbada epo) Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, Bahamas lẹ ti ń bọ̀. Anthony Joshua, ọmọ Ṣàgámù wa ńkọ́? Ó ti pé ọmọ ọdún 18 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kan ẹ̀ṣẹ́. Nígbà tó di 2012 ní London, ó ti fi góòlù Òlíńpíìkì kọ́rùn.

BÀBÁ ONÍLÉ: Ẹ gbọ́! Ẹ̀bùn!

TÍṢÀ: Ọdún mẹ́rin ìdánrawò gidi lẹ̀ ń pè ní ẹ̀bùn?

ÌYÁ BÍSÍ: Ẹ má fi mí há àárín yín o. Èmi ò sọ ẹ̀bùn, mi ò sọ ìdánrawò. Rẹ́mọ ni mo sọ. Líìgì Nàìjíríà tí wọ́n parí lọ́dún 2025, ta ló gba ife? Remo Stars, n'Íkẹ́nnẹ́! Ìjẹ̀bú ń jiyàn, Rẹ́mọ ń gba ife.

BÀBÁ ONÍLÉ: Kí ló dé tó ò ń yà wá sọ́tọ̀? Rẹ́mọ náà, ṣebí Ìjẹ̀bú ni!

ÌYÁ BÍSÍ: Lónìí tí ife dé?

MUFÚ: Tíṣà, ẹ sọ ti wákàtí yẹn fún Bàbá.

TÍṢÀ: Ẹ̀n-ẹ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n Anders Ericsson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ta fayolíìnì ní Berlin, wọ́n gbé e jáde lọ́dún 1993. Kí àwọn tó mọ̀ ọ́n ta jù tó pé ọmọ ogún ọdún, wọ́n ti fi nǹkan bíi wákàtí 10,000 dánra wò.

MUFÚ: (ó ń fi ìka ṣírò) Wákàtí mẹ́ta lójúmọ́… á jẹ́ ọdún mẹ́sàn-án lé díẹ̀. Bàbá! Mo ti kọjá ẹ̀! Èmi náà ti di ọ̀ta, ẹ ò kàn tíì gbọ́ ni!

BÀBÁ ONÍLÉ: Ó dáa. Táyà ńkọ́? Wákàtí mélòó lo ti fi lẹ táyà?

MUFÚ: Ìyẹn ò lóǹkà.

BÀBÁ ONÍLÉ: Táyà mi tó o lẹ̀ lọ́jọ́rú ti jò.

(Òun gan-an ló wà nínú agbada láti àárọ̀.)

TÍṢÀ: Ẹ dúró. Wákàtí lásán kọ́ ni Ericsson ń wí. Kéèyàn máa ṣe ohun tó ti mọ̀ ní àṣetúnṣe, ìyẹn kì í ṣe ìdánrawò. Ibi tí kò mọ̀ ni kó dojú kọ, kí ẹnì kan sì dúró tì í tí yóò máa fi àṣìṣe rẹ̀ hàn án. Mufú, tó o bá ṣì í ta, ta ló ń fi àṣìṣe hàn ọ́?

MUFÚ: Bàbá ni.

TÍṢÀ: Kí ni wọ́n máa ń sọ?

MUFÚ: "Ọ̀pẹ."

TÍṢÀ: Ìyẹn ò tó.

(Èmi tí mò ń kọ eré yìí, títí dé ibí, ẹ̀yìn Tíṣà ni mo wà. Ìyá Bísí ló bà á jẹ́.)

ÌYÁ BÍSÍ: (ó dìde, ìkọ́ ọ̀jọ̀jọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀) Tíṣà ìdánrawò, ẹ kúuṣẹ́. Ní táàmù tó kọjá tẹ́ ẹ ń ṣa àwọn tó máa sáré fún ilé-ìwé, kí lẹ kọ́kọ́ wò lára àwọn ọmọ?

TÍṢÀ: Mo wo… ẹsẹ̀ wọn.

ÌYÁ BÍSÍ: Irú ẹsẹ̀ wo?

TÍṢÀ: (ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀) Èyí tó gùn.

ÌYÁ BÍSÍ: Bísí mi tó ń jí láàárọ̀ kùtùkùtù máa sáré yí pápá ká ńkọ́? Kí lẹ ní kó ṣe?

TÍṢÀ: A ní kó… gbé àsíá.

ÌYÁ BÍSÍ: Àsíá! Ọmọ mi sáré títí, ó gbé àsíá! Ẹ ní igi ni Tobi ń fò. Àbí ẹ̀yin lẹ bá a yan igi?

TÍṢÀ: Ìyá Bísí, Bísí lágbára lápá, ká ní ọta irin ni mo ní kó máa jù…

ÌYÁ BÍSÍ: Kí ló dí yín lẹ́nu nígbà yẹn? Bẹ́ ẹ bá gbé iṣu funfun fún mi pé kí n fi dín ọ̀jọ̀jọ̀, mo lè rin ín di ọ̀la, kò ní ṣe é dín. Ewùrà ni iṣẹ́ yẹn. Ṣé èmi á wá sọ pé iṣu ya ọ̀lẹ? Màá lọ fi gúnyán ni!

BÀBÁ ONÍLÉ: Ọ̀rọ̀ ńlá! Ìyá Bísí, o mọ̀ ọ́n dín, o tún mọ̀ ọ́n sọ. Èyí tí mo jẹ lọ́jọ́bọ̀…

ÌYÁ BÍSÍ: Ẹ ò tíì sanwó ẹ̀.

BÀBÁ ONÍLÉ: Orúnkún ni, ìyá. Orúnkún yìí ò jẹ́ n lè rìn délé lọ mówó wá. Mufú, ta ayò, kí ló ń ṣe ọ́?

(Ìyá Adé wọlé, ó fi ìdí ìborùn di nǹkan kan lọ́wọ́. Bó ṣe ń rìn ni nǹkan náà ń dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀.)

ÌYÁ ADÉ: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Bàbá Adé, mò ń gbálẹ̀ ni mo rí ọmọ ayò yín lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní bóyá ẹ ń wá a.

BÀBÁ ONÍLÉ: (ó ń ṣẹ́jú sí i kíkankíkan) Tèmi kọ́.

ÌYÁ ADÉ: Ta ló wá ni ín? Ẹ̀yin lẹ̀ ń dìde ní aago méjì òru, tẹ́ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì ìdí fóònù, tẹ́ ẹ̀ ń ta kọ̀-kọ̀-kọ̀ lórí ilẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé eku ni. Mo ra oògùn eku! Àfìgbà tí mo gbọ́ tí eku ń sọ̀rọ̀: "Bí Mufú bá ṣí odù ọ̀tún, èmi á jẹ ẹ́ láti ibí. Tí kò bá ṣí i ńkọ́? Á, á ṣí i. Ọ̀pẹ ni."

(Kẹ́kẹ́ pa. Wasiu nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, ó fi ẹ̀yìn táyà bojú.)

MUFÚ: Bàbá. Ẹ ń bá mi ta á lóru, èmi ò sì sí ńbẹ̀?

TÍṢÀ: (ó fọn súfèé, príì!) Ìdánrawò!

BÀBÁ ONÍLÉ: Ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ni mò ń rán létí! Bàbá mi tó jẹ́ ọ̀ta…

ÌYÁ ADÉ: Bàbá yín tí wọ́n ń ta aṣọ ní Òkè-Àjé? Wọn ò fọwọ́ kan ọpọ́n rí. Wọ́n ní ayò máa ń mú kéèyàn pẹ́ ìrun.

BÀBÁ ONÍLÉ: (ó fi ọwọ́ nu ojú) Ìyá Adé, o ò mọ bí ayé ṣe rí. Bí mo bá ní mò ń ṣòru kọ́ ọ, ta ló máa kí mi ní ọ̀ta? Wọ́n á ní, "Kò sùn, kí ló fẹ́ ṣe tí kò ní mọ̀ ọ́n?" Tí wọn ò bá rí ọ níbi tó o ti ń làágùn, ìgbà yẹn ni wọ́n ń pè é ní ẹ̀bùn.

TÍṢÀ: Bàbá, ìyẹn gan-an…

MUFÚ: Tíṣà, ẹ dákẹ́. Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá dúró tì mí. Èwo ni kí n ta?

ÌYÁ ADÉ: Èmi tí mi ò mọ ayò? Ohun tí mo ń gbọ́ lóru ni mo mọ̀. Ibi tí wọ́n máa ń bẹ̀rù pé kó o má ta nìyí.

(Ó fi ìka kan ihò. Mufú kó o, ó tu ú yíká, ìkẹyìn bọ́ sọ́dọ̀ Bàbá: méjì, mẹ́ta, méjì, mẹ́ta. Ó kó gbogbo rẹ̀. Bàbá Onílé wo ọpọ́n, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó tún wo ọpọ́n.)

MUFÚ: (ó dìde, ó na apá) Mo kí ọ̀pẹ o!

WASIU: Ìyá Bísí, ọ̀jọ̀jọ̀ fún gbogbo ìsọ̀! Wọ́n ti na Bàbá!

ÌYÁ BÍSÍ: Mo ń bọ̀. Màá kúkú ro ti ọjọ́bọ̀ mọ́ ọn. Bàbá, ẹ dúró, ẹ jẹ́ n… Bàbá!

(Bàbá Onílé ti kó agbádá sí èjìká. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ó fo táyà àkọ́kọ́. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ó fo èkejì. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ó fo ẹ̀kẹta, ó fo gọ́tà, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlọ́kadà méjì.)

TÍṢÀ: (ẹnu rẹ̀ là, ó ti gbàgbé ẹ̀yìn ẹni tó wà) Ẹ wo ẹsẹ̀! Ẹ wo orúnkún! Lọ́jọ́ orí yìí, láìkọ́ ọ rí! Ẹ̀bùn lèyí!

ÌYÁ BÍSÍ: Ẹ̀bùn kẹ̀? Ìdánrawò ni! Láti Iléyá tó kọjá ló ti ń sá fún owó mi!