Kì í Ṣe Ìsáré Ló Ń Pa Àwọn Èèyàn ní Kumbh Mela

Láàárín aago kan sí aago méjì òru ọjọ́ 29 oṣù Kínní ọdún 2025, ikú ṣọṣẹ́ níbi Kumbh Mela, àjọ̀dún tí àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù fi ń wẹ̀ nínú odò, ní Prayagraj, ìlú tí odò Ganga àti odò Yamuna ti pàdé ní àríwá orílẹ̀-èdè Íńdíà. Ìjọba ìpínlẹ̀ Uttar Pradesh ní èèyàn 30 ló kú. Nígbà tó di oṣù Kẹfà, BBC gbé ìwádìí tiwọn jáde, wọ́n ní àwọn tí àwọn rí ẹ̀rí ikú wọn kò dín ní 82. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó ka òkú tán ni ìdájọ́ ti jáde lẹ́nu aráyé: ẹ̀rù ló bà wọ́n, wọ́n bá fẹsẹ̀ fẹ, wọ́n sì tẹ ara wọn pa.

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ọ̀mọ̀wé, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu oníwàásù, èmi fúnra mi sì gbà á gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó sì ń dùn mí, nítorí pé òkú tí kò lè fèsì ni à ń di ẹ̀bi rù, tí ẹni tó yẹ ká bi léèrè sì ń lọ sùn.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe nǹkan náà. Ní èdè Hindi, bhagdad ni wọ́n ń pè é, inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí “sá” ni wọ́n sì ti fà á yọ. Stampede tí àwọn Òyìnbó ń sọ, láti inú èdè Spéènì tí wọ́n ń sọ ní Mẹ́síkò ló ti wá. Agbo màlúù tó ya dà nù ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àwa náà ní tiwa: “wọ́n tẹ ara wọn pa.” Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹjọ́ ti dá kí ẹlẹ́rìí tó ya ẹnu. Ẹni tó sá ló jẹ̀bi, ẹni tó tẹ̀ ló jẹ̀bi.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ nípa àjọ̀dún náà: ìkòkò ni kumbh, àpéjọ ni mela. Ìtàn wọn sọ pé àwọn òrìṣà àti àwọn asura tí í ṣe ọ̀tá wọn jọ du ìkòkò omi àìkú, tí ẹ̀kán rẹ̀ sì kán sí ibi mẹ́rin: Prayagraj, Haridwar, Ujjain àti Nashik. Nǹkan bí ọdún 12 ni ó máa ń gbà kí ó tó tún kan ìlú kọ̀ọ̀kan. Ti Prayagraj ní 2025 gba ọjọ́ 45, láti ọjọ́ 13 oṣù Kínní títí di ọjọ́ 26 oṣù Kejì, ìjọba sì ní iye ìgbà tí èèyàn wọ odò lé ní mílíọ̀nù 660. Nínú gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, èyí tí èrò pọ̀ sí jù ni Mauni Amavasya, ọjọ́ tí òṣùpá kì í yọ, tí ọ̀pọ̀ olùjọ́sìn fi ń pa ẹnu mọ́ láìsọ̀rọ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n kú ní 1954, òun náà ni ní 2013, òun náà ni ní 2025.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tó ń pa wọ́n.

Ẹ fi ẹfun fa igun mẹ́rin sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé yín, mítà kan lóòró, mítà kan níbùú. Bí èèyàn méjì bá dúró sínú rẹ̀, wọ́n á lè yí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bí wọ́n bá di mẹ́rin, wọ́n á ṣì lè rìn tí wọ́n bá fara balẹ̀. Ní márùn-ún, èjìká ti ń kan èjìká. Tó bá fi máa di méje, kò sẹ́ni tó ni ara rẹ̀ mọ́. Onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà kan, John Fruin, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1993 pé tí èrò bá ti tó méje nínú ààyè yẹn, wọ́n á máa ṣàn bí omi. Ìgbì á máa gba àárín wọn kọjá, ó lè gbé èèyàn ní mítà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ ẹni náà kò ní kan ilẹ̀, bàtà á bọ́, aṣọ á ya. Fruin sọ pé irin ìdènà ti tẹ̀ kọrọdọ níbi irú ìjàǹbá báyìí. Ẹ ronú ohun tí agbára tó tẹ irin máa ṣe fún egungun ìhà ọmọ ènìyàn.

Ìhà gbọ́dọ̀ fẹ̀ kí a tó lè mí. Bí ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú, àyà ẹni tó wà lẹ́yìn àti apá àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bá fún ọ mọ́ra bí ìgbà tí wọ́n ń ki gààrí sínú àpò, wàá mí síta tán, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ìhà máa fẹ̀ sí láti mí sínú. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ojú á ṣú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń kú lórí ìdúró. Òkú á ṣì wà lóòró, nítorí kò sí ibi tó fẹ́ ṣubú sí. Èrò ló fún wọn pa. Kò sẹ́ni tó tẹ̀ wọ́n.

Ẹni tí kò sì ríbi gbé ẹsẹ̀ kan sí, báwo ni yóò ṣe sáré? Ìbéèrè yẹn ni kí ẹ máa bi ẹni tó bá tún sọ fún yín pé ìsáré ló fà á. Igbe tí à ń gbọ́ nínú fídíò, ọwọ́ tí à ń rí tó ń nà sókè, àmì pé èémí ti ń tán ni. Ẹ̀rù wọn dé lẹ́yìn ìfúnpọ̀, kì í ṣe ṣáájú rẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò sì mọ ohunkóhun. Bí wọ́n bá gbé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo síwájú, tí ẹgbẹ̀rún èèyàn sì gbé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo náà, orí àyà ẹni tó wà ní iwájú pátápátá ni gbogbo rẹ̀ ń wó lé.

Ẹnì kan lè dá mi dúró níbí pé ti 2025 ńkọ́, ṣé wọn kò tẹ àwọn tó ń sùn nílẹ̀ ni? Wọ́n tẹ̀ wọ́n, òótọ́ ni, mi ò ní fi bò. Ọ̀gá ọlọ́pàá tó ń bójú tó àjọ̀dún náà ṣàlàyé pé àwọn ìdènà kan já, èrò sì ya lu àwọn tó ti sùn sílẹ̀ létí odò láti dúró de àfẹ̀mọ́júmọ́, wákàtí tí ìwẹ̀ dára jù lójú wọn. Ṣùgbọ́n kí ló já ìdènà? Títì tí ọ̀pọ̀ èrò ń tì láti ẹ̀yìn ni. Kí ló dé tí wọ́n sùn síbẹ̀? Ibi tí omi méjèèjì ti pàdé gan-an ni gbogbo wọn fẹ́ wẹ̀, ibi ṣóńṣó kan tí wọ́n ń pè ní Imú Sangam, ìjọba fúnra rẹ̀ sì ní àwọn tó wẹ̀ lọ́jọ́ yẹn lé ní mílíọ̀nù 70. Afárá 30 tó léfòó lórí omi ni wọ́n ṣe fún àjọ̀dún náà. Ọ̀pọ̀ olùjọ́sìn ṣàròyé pé wọ́n ti àwọn kan nínú rẹ̀ pa. Lẹ́yìn tí wọ́n gbé òkú kúrò nílẹ̀ tán ni ìjọba wá fagi lé ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń gba àwọn èèyàn pàtàkì kọjá, tí wọ́n ní ọkọ̀ kò gbọdọ̀ wọlé mọ́, tí wọ́n sì ní ẹsẹ̀ tó ń lọ àti ẹsẹ̀ tó ń bọ̀ kò gbọdọ̀ gba ojú ọ̀nà kan náà.

Èyí ló ká mi lára jù, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1954, Kumbh àkọ́kọ́ ní ìlú yìí kan náà lẹ́yìn òmìnira, tí wọ́n ṣì ń pe ìlú náà ní Allahabad, èrò pàdé ìtòlọ́wọ̀ọ́wọ́ àwọn àlùfáà tó ń lọ wẹ̀. Àwọn tó kú lé ní 300. Àwọn míràn ní wọ́n tó 800. Nehru tó jẹ́ olórí ìjọba wà níbi àjọ̀dún náà. Lẹ́yìn ìjàǹbá náà, ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó lábẹ́ Adájọ́ Kamala Kant Verma, Nehru fúnra rẹ̀ sì dá a lábàá pé kí àwọn èèyàn pàtàkì má ṣe máa wá síbẹ̀. Ọdún 71 kọjá kí wọ́n tó fagi lé ìwé àṣẹ wọn ní Prayagraj, òkú ló sì fà á.

Ti Haridwar tún ṣáájú èyí. Ní 1820, èèyàn tó lé ní 400 kú níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso nígbà yẹn kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní sùúrù. Àtẹ̀gùn tí wọ́n ń gbà sọ̀ kalẹ̀ sínú odò ni wọ́n fẹ̀ sí i, wọ́n sì tún àwọn afárá ṣe. Wọ́n mọ ibi tí bàtà ti ń ta ẹsẹ̀.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 2025 ẹ̀wẹ̀, èèyàn 18 kú láìtilẹ̀ dé etí odò rárá. Ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní New Delhi ni, àwọn tó fẹ́ wọkọ̀ lọ sí Prayagraj. Àwọn ọlọ́pàá ní orúkọ ọkọ̀ méjì tó jọra, Prayagraj Special àti Prayagraj Express, ló da àwọn èèyàn rú nígbà tí wọ́n kéde rẹ̀. Mínísítà ọ̀rọ̀ ojú irin sọ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin lẹ́yìn náà pé ẹrù ńlá kan ló já bọ́ lórí ẹnì kan lórí àtẹ̀gùn afárá ẹlẹ́sẹ̀, tí àwọn tó tẹ̀ lé e sì kọsẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: àtẹ̀gùn tóóró, àwọn kan ń gòkè, àwọn kan ń sọ̀ kalẹ̀, ìyá àgbà kan sì ru ẹrù aṣọ tó di sínú aṣọ ìbora. Ẹrù yẹn ti máa ń já bọ́ lórí èèyàn látìgbà ìwáṣẹ̀. Níbi tí ààyè bá wà, a ó bẹ̀rẹ̀, a ó gbé e, ẹlòmíràn á bá wa sọ ọ́ padà sórí òṣùká. Ibi tí kò ti sí ààyè ni ẹrù kan ti ń di òkú 18.

Àwa náà ti rí i nílé. Ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, níbi àríyá tí wọ́n pe àwọn ọmọdé sí ní Ìbàdàn, ọmọ 35 kú. Mo gbọ́ tí àgbàlagbà ń sọ pé àwọn ìyá wọn kò ní sùúrù. Ó dùn mí dé egungun, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Bí ọ̀pọ̀ èrò bá jẹ́ ẹranko bí a ṣe ń sọ, Kumbh ló yẹ kó kọ́kọ́ hàn. Òdìkejì ló ń hàn níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, Stephen Reicher àti Nick Hopkins pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ará Íńdíà, tẹ ìwádìí kan jáde ní 2012 lórí àwọn tó ń fi oṣù kan gbáko gbé inú àgọ́ létí odò ní Prayagraj, níbi àjọ̀dún ọdọọdún. Wọ́n bi wọ́n léèrè kí wọ́n tó lọ, wọ́n tún bi wọ́n lẹ́yìn tí wọ́n padà délé, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn aládùúgbò wọn tí kò lọ. Àwọn tó lọ sùn sínú òtútù, ariwo àti èrò ni ara wọn túbọ̀ le.

Ní 1946, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Raja Ram Tiwari rí àwọn tó sọnù níbi àjọ̀dún ọdọọdún tí wọ́n ń ṣe ní etí odò náà. Ó mú agolo, ó sọ ọ́ di fèrè ìkéde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi pe orúkọ. Ibẹ̀ ni àgọ́ àwọn tó sọnù ti bẹ̀rẹ̀, ó sì wà nídìí rẹ̀ títí ó fi kú ní 2016. Nínú èrò kan náà, ẹ ó rí ìdílé tí wọ́n so aṣọ mọ́ aṣọ, tí àwọn míràn di okùn kan mú láti orí bàbá àgbà dé orí ọmọ ọwọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa nù.

Nashik ló kàn, ní 2027, létí odò Godavari, lẹ́yìn náà Ujjain ní 2028. Ní Nashik, èèyàn 39 kú ní 2003, lójú ọ̀nà tóóró kan tó sọ̀ kalẹ̀ sí odò. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá fẹ́ lọ, ẹ má ṣe bẹ̀rù àwọn èèyàn tí ẹ máa bá níbẹ̀. Ojú ọ̀nà ni kí ẹ máa wò. Kí ẹ tó wọ inú rẹ̀, ẹ mọ ibi tó já sí. Ẹ yẹra fún ọjọ́ ìwẹ̀ ńlá bí ẹ bá ní àgbà tàbí ọmọ lọ́wọ́. Omi kan náà ló ń ṣàn lọ́jọ́ kejì. Bí èjìká yín méjèèjì bá ti ń kan ti ẹlòmíràn láìdáwọ́ dúró, ìgbà yẹn ni kí ẹ yà kúrò, ẹ má dúró dìgbà tí ọwọ́ yín kò ní lè dé ojú yín mọ́. Bí ó bá ti ká yín mọ́ àárín, ẹ gbé apá síwájú àyà bí àwọn tó ń kan ẹ̀ṣẹ́, kí ìhà lè ní ààyè díẹ̀. Ẹ má ṣe fi ara ti ògiri. Ẹ má tì padà, ẹ má sì pariwo dànù, èémí yín ni ẹ máa nílò. Bí ìgbì bá gbé yín, ẹ bá a lọ; tó bá rọlẹ̀ díẹ̀, ẹ máa gba ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́ yọ́ jáde. Bí bàtà bá bọ́ lẹ́sẹ̀ yín, ẹ fi í sílẹ̀.