Fáìbà kò tíì di àtijọ́ o: àtúnṣe sí ọ̀rọ̀ tó ń lọ lórí WhatsApp

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń ti ẹgbẹ́ WhatsApp kan bọ́ sí òmíràn pé kí a má náwó mọ́ sórí fáìbà, ìyẹn wáyà tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé, pé Starlink, íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń gba sátẹ́láìtì wá, ló yára jù nítorí ojú ọ̀run ló ti ń wá, kò sì lo wáyà rárá. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Sátẹ́láìtì Starlink ń yípo ayé ní nǹkan bí 550 kìlómítà sókè. Ohun tí ẹ bá béèrè láti ilé yóò gòkè lọ bá a, yóò sì sọ̀ kalẹ̀ sí ibùdó kan lórí ilẹ̀, níbi tí yóò ti bọ́ sínú kí ni? Wáyà fáìbà náà ni! Irú wáyà yìí ló gba abẹ́ òkun wọ Èkó: MainOne ní 2010, Equiano ti Google ní 2022.

Ní ti ìyára, ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé ìsọfúnni nínú fáìbà, okùn dígí tó fẹ́ẹ̀ tín-ín-rín tó irun orí. Ti sátẹ́láìtì, gbogbo àdúgbò ló jọ ń pín in. Ìdí nìyẹn tí Starlink fi dá títà dúró fún oníbàárà tuntun ní apá kan Èkó ní ìparí 2024: èrò ti kún.

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀ ṣá. Ní abúlé tí fáìbà kò dé, Starlink á gbani. Katakata tó ń ṣe ọ̀nà sì lè já fáìbà lọ́sàn-án gangan. Ṣùgbọ́n bí fáìbà bá ti wọ àdúgbò yín, tí ẹ sì ń ṣe ìpàdé orí fídíò, ẹ má tìtorí àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn gé e.